Òjé kílò 14: mo sanwó kí wọ́n lè yọ òjé kúrò lára mi

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi fídíò tí tíṣà wa yà mí lábẹ́ omi níbi ẹ̀kọ́ kan tí mo lọ ṣe, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí. Ọ̀sán ti pọ́n, a wà níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí létí omi, atẹ́gùn tútù ń gbá mi létí, mo di ife tíì mú, tíṣà wa gbé tábílẹ́ẹ̀tì lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò wọn, wọ́n ní kí n wá wo ara mi. Lójú tèmi o, nígbà tí mo wà nísàlẹ̀ yẹn, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkọ ìyàwó níwájú àwọn àna, mo tiẹ̀ ń yangàn nínú ara mi pé nínú gbogbo wa èmi ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Kí ni mo wá rí nínú fídíò? Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú omi bí ìyàwó tó ń kí bàbá ọkọ, ẹsẹ̀ mi ń ro ilẹ̀ nísàlẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì ń jù fìrìfìrì bí ẹni ń lé eṣinṣin, ẹrẹ̀ sì gbalẹ̀ lẹ́yìn mi bí èéfín dánfó tí íńjìnnì ẹ̀ ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ̀gbọ́n mi kan tá a jọ lọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. (Wọn ò tíì rí tiwọn nígbà yẹn.)

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe lè dúró jẹ́jẹ́ lábẹ́ omi láì rì láì léfòó, ohun tí àwọn tó ń wọ abẹ́ omi ń pè ní buoyancy. Ti PADI, iléeṣẹ́ kan tó ń kọ́ni ní wíwọ abẹ́ omi, ni mo ṣe, Peak Performance Buoyancy lorúkọ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa wọ omi, ọmọ ọdún 10 pàápàá lè ṣe é. SSI, iléeṣẹ́ irú ẹ̀ míì, náà ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní Perfect Buoyancy, BSAC tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó Britain níbí náà ní Buoyancy and Trim Workshop. Ṣọ́ọ̀bù tó kọ́ mi, mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá wọn rò, mi ò sì wá ìjà ẹnikẹ́ni, ibi tí owó mi ti wúlò àti ibi tí wọ́n ti rẹ́ mi jẹ ni mo fẹ́ sọ kí ẹni tó bá fẹ́ san tiẹ̀ lè mọ ohun tó máa bi wọ́n kó tó san án.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Nílé wa, omi kì í ṣe nǹkan eré, ìyá mi wà níbẹ̀ nígbà Omíyalé ọdún 1980 tí Ògùnpa kún àkúnya tó gbé ilé tó gbé èèyàn, títí dòní tí òjò bá ti ṣú wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọ ilé. Nígbà tí mo wá sọ fún wọn lórí fóònù pé mo ń gbé afẹ́fẹ́ pọ̀n sẹ́yìn wọ abẹ́ omi, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní "ṣé wọn ò sanwó bọ́ọ̀sì tó ò ń wà yẹn fún ẹ mọ́ ni?" Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà ní Leicester. Ọdún tó kọjá ni mo gba káàdì àkọ́kọ́ mi, ìwé ẹ̀rí pé mo lè wọ abẹ́ omi, ní Hurghada, ní Íjíbítì, ọjọ́ 4 péré, omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹja aláràbarà ń kọjá lójú wa, mo rò pé mo ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni òjé, ẹrù wúwo tí wọ́n ń so mọ́ni kéèyàn lè rì, ti kọ́kọ́ dé ìbàdí mi. Tíṣà tibẹ̀ ní èèyàn 6 lọ́wọ́, kò ráyè dúró de ẹni tí kò tètè rì, òjé ló fi ń yanjú gbogbo ẹ̀, ó ò rì àbí, gba kílò 2 sí i, ó ò tíì rì, gba 2 míì. Gbogbo wa rì lóòótọ́, a kúnlẹ̀ sórí iyanrìn bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé, gbogbo ohun tí wọ́n ní ká ṣe orí orúnkún la ti ṣe é, wọ́n kí wa kú oríire, wọ́n fún wa ní káàdì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹja kì í kúnlẹ̀.

Mo padà dé England, mo lọ sí ibòmíràn lẹ́ẹ̀mejì, mo yá wetsuit 7mm, aṣọ rọ́bà tó nípọn tó ń dínà òtútù, torí omi ibí tutù, ọmọkùnrin tó ń yá wa ní nǹkan kàn wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń díwọ̀n màlúù lọ́jà, ó ní kílò 14 á tó mi. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo já lulẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì, etí ń dùn mí, mo ń tẹ bọ́tìnì tó ń fi afẹ́fẹ́ sínú jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbéni léfòó bí ẹni ń fọn fèrè, ni mo bá tún ta sókè fìn-ín, wọ́n ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe é fi ṣeré o, ẹni tó bá ta sókè tó sì sé èémí, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ á máa fẹ̀ sí i bí omi ṣe ń fúyẹ́ lórí ẹ̀, ó lè ya ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí òfin àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé má sé èémí láé. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni mo pinnu pé bí mi ò bá ní kọ́ eléyìí dáadáa, kí n ta góògù mi.

Ibi tá a lọ ni Stoney Cove, ní Leicestershire, kò jìnnà sí mi rárá. Kúárì ni tẹ́lẹ̀, òkúta gíránáìtì ni wọ́n ń fọ́ níbẹ̀, ìsun omi ló kún un nígbà tí wọ́n ṣíwọ́. Ẹ má ronú omi búlúù o, omi àwọ̀ ewé ni, àárọ̀ kùtù àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ló ń rí nǹkan, tó bá fi máa di ọ̀sán gbogbo àwa ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti ro ilẹ̀ ẹ̀ tán. Pẹpẹ-pẹpẹ ló wà nísàlẹ̀, àkọ́kọ́ tó nǹkan bíi mítà 6, òmíràn tó nǹkan bíi 20, ibi tó jìn jù tó nǹkan bíi 35. Lórí pẹpẹ kejì yẹn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Stanegarth sí ní ọdún 2000, kí àwọn èèyàn lè máa lọ wò ó. Káàdì tèmi ò gbà mí kọjá mítà 18, torí náà mo kàn ń gbọ́ ìròyìn ẹ̀ ni. Pẹpẹ mítà 6 la wà láti àárọ̀ títí a fi parí, kọ̀ǹpútà ọwọ́ mi sì kọ 11 dígíríì. Mo bínú sí i lákọ̀ọ́kọ́, mo ní ṣé mo sanwó kí n wá jókòó síbi tí kò jìn ni. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Lójú omi, agbára tó ń tẹ̀ wá jẹ́ bar 1 (bar ni wọ́n fi ń wọn irú agbára yìí). Ní mítà 10 ó ti di 2, ní 20 ó di 3, ní 30 ó di 4. Afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì yín, tí ó bá jẹ́ lítà 4 lókè, ní mítà 10 á ti di lítà 2, ṣùgbọ́n láti 20 dé 30 ìdá díẹ̀ péré ló máa sún kì. Ìyẹn ni pé mítà 10 àkọ́kọ́ yìí ni gbogbo wàhálà, ibẹ̀ ni nǹkan ti ń yí jù, wetsuit yín pàápàá afẹ́fẹ́ kéékèèké ló wà nínú ẹ̀, ó ń fún pọ̀ bí ẹ ṣe ń lọ sílẹ̀, ohun tó ń gbé yín lókè á tán díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ́ wá máa yára sí i láìmọ̀. Ẹni tó bá lè dúró sójú kan ní mítà 3, ibi tó jìn ò ní fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú.

Tíṣà wa, màmá kan ni wọ́n, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti lé ní 60, irun funfun, ohùn wọn ò ròkè rárá. Òyìnbó ò mọ̀ pé inú ọkàn mi "wọ́n" ni mo ń fi pè wọ́n láti àárọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, wọn ò kọ́ wa ní nǹkan kan, wọ́n ní ká wá sójú omi níbi tí ẹsẹ̀ ò tólẹ̀, ká fi rẹgulétọ̀ tá a fi ń mí sẹ́nu, ká tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì dànù, ká mí sínú bá a ṣe máa ń mí, ká dá a dúró díẹ̀, ká má ta ẹsẹ̀. Wọ́n ní tí òjé bá pé, ojú omi á dúró síbi ojú yín gan-an, tí ẹ bá wá mí síta ẹ̀ẹ́ rọra wọlẹ̀. Ó kàn mí. Mo lọ bí òkò. Orí sílíńdà afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn mi ni wọ́n ti gbá mi mú kí n má bàa dé ìsàlẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òjé. Kílò 2. Mo ṣì ń lọ. Kílò 2 míì. Ó wá ku 8 kí omi tó dúró síbi ojú mi. Inú mi dùn, wọ́n ní kí n fara balẹ̀, wọ́n dá kílò 2 padà fún mi, mo ní kí ló dé? Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn mi ní ìwọ̀n. Àṣé òótọ́ ni, sílíńdà lítà 12 tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ bar 200 sí, lítà 2,400 afẹ́fẹ́ nìyẹn, ó sún mọ́ kílò 3. Tí mo bá fi máa lò ó dé bar 50, ó ti ju kílò 2 tó ti lọ, èmi náà á ti fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló sì yẹ kí n lè dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3 kí n tó jáde. Torí náà ìgbà tó ku bar 50 lèèyàn ń wọn òjé fún, kì í ṣe ìgbà tí sílíńdà kún. Kílò 10 wá ni tèmi. Mo ti ń ru kílò 4 kiri láìnídìí, ẹ̀yin ẹ fojú inú wò ó, ìdajì garawa omi ni mo so mọ́ ìdí tí mo ń bá kiri.

Mo bi wọ́n pé kí ló burú níbẹ̀, ṣebí mo lè fi afẹ́fẹ́ sínú jákẹ́ẹ̀tì kó gbé e. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ló burú. Kílò 4 tó lé, lítà 4 afẹ́fẹ́ ni mo máa fi gbé e. Lítà 4 ní mítà 6, tó bá dé òkè á ti ju 6 lọ. Ohun tó ń ta mí sókè fìn-ín nìyẹn, tí mo bá ti gòkè mítà kan péré afẹ́fẹ́ á fẹ̀, á tún gbé mi sí i, á tún fẹ̀, kí n tó rí ibi tí mo ti máa tú u ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Òjé púpọ̀ ló ń rini, òun kan náà ló tún ń tani sókè. Gbogbo àṣìṣe tí mo rò pé ọwọ́ mi ló ń ṣe é, ìdí mi ni wọ́n so ó mọ́. Ká ní nǹkan tí mo rí gbà níbẹ̀ ò ju èyí lọ, owó mi ti pé.

Ẹnì kan nínú wa bi wọ́n pé ṣé kílò 10 yìí ni ká máa lò níbi gbogbo, wọ́n ní rárá o, omi iyọ̀ máa ń gbéni ju omi lásán lọ, tí ìwọ àti gbogbo ẹrù tó wà lára ẹ bá tó kílò 100, tó o bá kúrò ní Stoney Cove bọ́ sínú òkun, wàá fi nǹkan bíi kílò 2 àbọ̀ kún un, Òkun Pupa tiẹ̀ níyọ̀ ju ọ̀pọ̀ òkun lọ. Ṣùgbọ́n wetsuit fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tibẹ̀ ò lè gbéni bíi ti 7mm, torí náà òjé á tún dín. Sílíńdà náà yàtọ̀, aluminium tí wọ́n ń lò nílẹ̀ olóoru máa ń fẹ́ léfòó tó bá ń tán lọ, irin tiwa ibí ò kí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n ní, gbogbo ìgbà tó o bá wọ omi, irú aṣọ, irú sílíńdà, irú omi, òjé mélòó, báwo ló ṣe rí lọ́wọ́ ìparí. Mo ti rà ìwé o, kékeré tó ń wọ àpò.

Bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló gba àkókò jù, ibẹ̀ náà ni mo gbádùn jù. Mo ti máa ń rò pé téèyàn bá ti tú afẹ́fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kó wọlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí mi ò bá wọlẹ̀ ẹ̀rù á bà mí, màá fa èémí ńlá, èémí ńlá yẹn gan-an ni kò ní jẹ́ kí n wọlẹ̀, torí ẹ̀dọ̀fóró tó kún, irú jákẹ́ẹ̀tì kan ni òun náà. Màmá yẹn ní kí n gbé rọ́bà afẹ́fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì sókè ju orí mi lọ, ìka lórí bọ́tìnì, kí n wá mí síta, síta, síta, bí ẹni ń fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná, kí n dúró. Má ta ẹsẹ̀! Ẹni tó bá ń ta ẹsẹ̀ lóòró ara ẹ̀ ló ń tì sókè, á wá máa pariwo pé òjé òun ò tó. Ìgbà tí mo dúró lóòótọ́, tí mo mí tán pátápátá, ó ṣe bí ẹni fà mí lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́, omi bo orí mi, ó dákẹ́.

Láti ibẹ̀ okùn wà, wọ́n so ó mọ́ bóyà lókè, mi ò gbọdọ̀ fà á, mo kàn ń wò ó kí n lè mọ̀ bí mo ṣe ń yára tó, torí nínú omi àwọ̀ ewé yẹn tí ò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè fojú dì mú, ẹ lè ti já mítà 3 kí ẹ máa rò pé ojú kan lẹ wà. Etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tiẹ̀. Mo máa ń dúró dìgbà tó bá ń dùn mí kí n tó di imú kí n fẹ́ ẹ, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn, kí n ti ṣe é lójú omi kí n tó lọ, kí n sì máa ṣe é ní gbogbo ìdajì mítà sí mítà kan, tí kò bá ṣí kí n gòkè díẹ̀ kí n tún un ṣe, kí n má fi agbára fẹ́ ẹ láé. Lẹ́yìn mítà 2, kí n da ikùn délẹ̀. Lẹ́yìn mítà 3, afẹ́fẹ́ kékeré kan, pín, kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í yára, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti bọ́. Wọ́n ní kí n dúró ní 2, kí n dúró ní 4, kí n dúró ní mítà kan sí ilẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan, mo bá ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo bá ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta mo dúró, ẹnu bàtà pẹ́pẹ́yẹ mi, bàtà pẹlẹbẹ tá a fi ń wẹ̀, ò jìn sí ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà ò mira, mo fẹ́ pariwo, rẹgulétọ̀ ló wà lẹ́nu mi.

Ohun kan tún wà tí mi ò rí ẹni sọ fún mi rí, bọ́tìnì yẹn kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wá dé papọ̀ bí bọ́ọ̀sì Leicester lọ́jọ́ òjò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ mí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Èémí náà bákan náà, ẹ mí sínú, ẹ̀ẹ́ ṣì máa lọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, torí náà ẹ ti gbọ́dọ̀ máa mí síta kẹ́ ẹ tó gòkè tán. Ó dà bí wíwa bọ́ọ̀sì gígùn, ẹ kì í dúró dé kọ́nà kẹ́ ẹ tó yí sìárìn. Jákẹ́ẹ̀tì fún nǹkan ńlá, èémí fún nǹkan kékeré.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ńkọ́? Ọmọ Ayétòrò ni wọ́n, ní Ìlàjẹ, etí òkun gangan, ibi tí òkun ti ń jẹ ilé àwọn èèyàn bọ̀ látọjọ́ yìí. Wọ́n mọ̀ ọ́n wẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa. Láti ilé ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé "àbúrò, ìwọ ọmọ orí òkè yìí, tẹ̀lé mi lẹ́yìn o." Kẹ́ ẹ wá rí fídíò tiwọn. Ọwọ́ ò dúró! Ẹsẹ̀ ò dúró! Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀, ara ẹ̀ ti mọ̀ pé tóun bá dúró òun á rì, ni wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbé ara wọn dúró láìmọ̀, afẹ́fẹ́ wọn dé bar 70 nígbà tí tèmi ṣì wà ní 120. Màmá yẹn ní kí wọ́n di ọwọ́ méjèèjì mú níwájú, wọn ò lè ṣe é fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Wọ́n wá fún wọn ní bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì kékeré kan kí wọ́n dì mú lọ́wọ́ kan, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kejì, pé tó bá bọ́ wọ́n á ra bíà fún gbogbo wa. Kò bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi owó bíà ṣeré.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìkúnlẹ̀ mi. Ohun tí wọ́n ń pè ní trim, dọ̀bálẹ̀ ló jẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: àyà, ikùn àti itan sójú ọ̀nà kan, orúnkún ká sókè kí ẹsẹ̀ má bàa kan ilẹ̀, orí gbé sókè kẹ́ ẹ lè rí iwájú. Mo rò pé agídí mi ni kò jẹ́ kí n lè ṣe é, mo ń fi ikùn fà á, ẹ̀yìn ń dùn mí. Màmá yẹn ní kí n ṣíwọ́ kí n má ṣe nǹkan kan rárá fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí n jẹ́ kí ara mi sọ ibi tó fẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ mi rọra sọ̀ kalẹ̀, sọ̀ kalẹ̀, títí mo fi dúró lóòró. Wọ́n ní ẹ ò rí i, gbogbo òjé yìí ìbàdí ló wà, ẹ̀dọ̀fóró sì wà lókè, ìsàlẹ̀ wúwo òkè fúyẹ́, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Wọ́n yọ kílò 4 kúrò ní ìbàdí, wọ́n pín in 2-2 sínú àpò kékeré méjì tó wà lára bẹ́líìtì sílíńdà lẹ́yìn èjìká mi, wọ́n sún sílíńdà sókè bíi ìbú ọwọ́ kan. Mo tún wọ omi. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò ṣe nǹkan kan tó yàtọ̀, ẹsẹ̀ mi fúnra ẹ̀ ló gòkè wá. Oṣù mélòó ni mo fi ń bá ara mi jà lórí ohun tí kò ju gbígbé ẹrù láti ibì kan sí ibòmíràn lọ.

Ẹ̀sùn mi wá kàn. Agogo 9 ni wọ́n pè wá, 9:45 ni ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò fáànì (van) dé, kò sẹ́ni tó ní "ẹ jọ̀ọ́". Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ti owó. £110 ni wọ́n kọ síta, mo rò pé gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìgbà tí mo dé ẹnu géètì ni mo mọ̀ pé owó ìwọlé lọ́tọ̀, afẹ́fẹ́ kejì lọ́tọ̀, káàdì PADI gan-an lọ́tọ̀, ó sún mọ́ £190 nígbà tí mo fi máa délé. Tí wọ́n bá kọ 190 láti ìbẹ̀rẹ̀ mo lè san án láì ráhùn. Bàtà pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n yá mi tóbi, ó ń yọ, mo fi ìbọ̀sẹ̀ méjì dí i. Àwa 4 ni tíṣà kan, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n tí tíṣà bá wà lọ́dọ̀ ẹnì kan àwọn mẹ́ta tó kù ń gbọ̀n nínú omi 11 dígíríì ni, ẹnì kan nínú wa tiẹ̀ ò wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì nítorí òtútù, wọn ò dá kọ́bọ̀ padà fún un, wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ míì. Èmi ò rò pé ìyẹn dáa.

Ẹ sì bi wọ́n tẹ́lẹ̀ pé ta ló máa kọ́ yín. Mo gbọ́ pé ọ̀dọ́kùnrin kan náà máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, àwọn tó kọ́ sọ pé inú òrùka ńlá róbótó ló ń ní kí wọ́n gbà kọjá láti àárọ̀, kò wọn òjé ẹnikẹ́ni. Gbígba inú róbótó kọjá dùn-ún wò lórí Instagram, ṣùgbọ́n tí òjé ò bá pé, eré lásán ni. Ìbéèrè tó ṣe kókó tẹ́ ẹ máa bi ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó ni pé ṣé ẹ máa wọn òjé mi níbẹ̀rẹ̀ àti níparí, ṣé ẹ máa ya fídíò mi. Tí wọ́n bá ní "a máa wò ó", ẹ gba ibòmíràn lọ.

Oúnjẹ, ẹ gbé tiyín. Ibì kan wà létí omi tó ń ta chips, kò burú, ṣùgbọ́n ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí ìyàwó mi fi sínú fláàsì ni gbogbo wọn wá ń yọjú wò, màmá yẹn jẹ ṣíbí 3, wọ́n mu omi kún ife lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ó dùn. Ẹ mú fìlà, ẹ mú aṣọ tó gùn tẹ́ ẹ lè bọ́ nǹkan sí abẹ́ ẹ̀, torí gbangba ni wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ.

Mo fún ẹ̀kọ́ náà ní 5 nínú 5, mo fún ṣọ́ọ̀bù ní 3, màmá yẹn ò sí nínú ìwọ̀n. Nígbà kejì tá a wọ omi, lọ́wọ́ ìparí, bar 55 ló kù fún mi, mo dúró ní mítà 5 létí okùn, ìṣẹ́jú 3 gbáko, kọ̀ǹpútà mi lọ sí 4.8, lọ sí 5.1, kò kọjá bẹ́ẹ̀, mi ò fọwọ́ kan bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan. Ẹja perch kan tó ní ilà dúdú lára wá dúró síwájú góògù mi, ó ń wò mí, mo ń wò ó. Nígbà tí mo wà ní kílò 14, gbogbo ẹja ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sá.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ò san owó káàdì kankan mọ́, àwọn kàn fẹ́ kí màmá yẹn tún fídíò àwọn yà ni.